Ẹ Má Fi Ọjà Ọdún Kan Ṣe Ìdájọ́ Nintendo: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ìdarí Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Géèmù

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fẹ́ sọ bóyá olórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ géèmù kan mọ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ka iye ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ náà tà lọ́dún yẹn, wọ́n á sì gbé oríyìn tàbí ẹ̀bi rẹ̀ lé ẹni tí ó wà lórí àga lọ́jọ́ náà lórí. Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Ẹ̀rọ géèmù kì í ṣe ewédú tí a gbìn lóṣù yìí tí a ó já lóṣù tó ń bọ̀. Ọdún púpọ̀ ni ó máa ń gbà kí èrò tí wọ́n gbà nínú yàrá ìpàdé tó di ohun tí ọmọdé gbé sórí itan, ẹni tí ó gbìn ín sì lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà ìkórè.

Nintendo, tí ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Kyoto ní orílẹ̀-èdè Japan láti ọdún 1889, nígbà tí káàdì ìtayò hanafuda ni ó ń ṣe, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Satoru Iwata di ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2002. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ géèmù Wii jáde ní ọdún 2006, tí wọ́n sì tà ju mílíọ̀nù 101 lọ. Lábẹ́ ọkùnrin kan náà ni Wii U jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, tí gbogbo èyí tí wọ́n tà títí tí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró kò fi pé mílíọ̀nù 14. Ẹni tí iye ọjà nìkan jẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ ní láti sọ fún wa bóyá Iwata gbọ́n ní ọdún 2006 tí ó wá gọ̀ ní ọdún 2012. Iwata kú ní oṣù Keje ọdún 2015, lẹ́ni ọdún 55. Tatsumi Kimishima gba ipò rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, Switch, ẹ̀rọ tí a lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí a sì tún lè gbé lọ́wọ́, sì jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2017. Ẹ̀rọ náà tà ju mílíọ̀nù 150 lọ. Bí a bá ń wo àga nìkan, Kimishima ni a ó gbé gbogbo ògo yìí fún, bẹ́ẹ̀ Iwata fúnra rẹ̀ ni ó kéde iṣẹ́ náà ní oṣù Kẹta ọdún 2015, lábẹ́ orúkọ ìpamọ́ NX.

Ohun tí ó ṣe kókó jù lọ, tí kò sì hàn nínú iye ọjà kankan, ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013. Títí di ìgbà náà, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ àgbéléwọ́ wà lọ́tọ̀, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ orí tẹlifíṣọ̀n náà sì wà lọ́tọ̀. Iwata da ẹ̀ka méjèèjì pọ̀. Ọdún tí ó ṣe é yìí ni àwọn aṣòfíntótó ń kọ̀wé pé Nintendo ti ń kógbá sílé.

Ẹ jẹ́ kí á sún mọ́ Wii U díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe kejì wà: kí á rò pé bí ọjà kò bá tà, èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò dára. Ohun ìdarí tí wọ́n ń pè ní GamePad bá ẹ̀rọ yìí wá, ojú kékeré bíi ti tẹlifíṣọ̀n sì wà láàárín rẹ̀. Bí bàbá bá wọlé tí ó fẹ́ wo ìròyìn, ọmọ lè fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ fún un kí ó sì máa bá eré rẹ̀ lọ lójú GamePad. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ gan-an tí ó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í já, eré á sì dúró. Nínú Switch, odidi ẹ̀rọ náà ni ó wà lọ́wọ́ ọmọ: á fà á yọ kúrò nínú ibùdó rẹ̀, á sì gbé e jáde lọ. Èrò kan náà ni. Ìkejì ni ó dé ibi tí àkọ́kọ́ ń lọ. Géèmù Mario Kart 8 fi èyí hàn kedere. Lórí Wii U, ó tà ju mílíọ̀nù 8 lọ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe fún Switch, ó kọjá mílíọ̀nù 60.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí á dá Iwata láre lórí Wii U. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà han ayé ní Los Angeles ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, GamePad ni wọ́n gbé sókè, orúkọ tí wọ́n sì fún ẹ̀rọ náà kò jìnnà sí ti Wii. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tuntun tí wọn yóò so mọ́ Wii ilé wọn ni. Àṣìṣe olórí nìyẹn, kò sì kéré rárá, nítorí pé oníbàárà kò lè ra ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ díwọ̀n ìdarí gbọ́dọ̀ lè ya àṣìṣe àlàyé sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe èrò.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé àwọn ènìyàn kò bìkítà nípa iye tí owó orílẹ̀-èdè kan jẹ́ sí ti òmíràn. Ní ọdún ìṣúná tí ó parí ní oṣù Kẹta ọdún 2012, Nintendo pàdánù owó lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti ń gbé irú ìròyìn ìṣúná bẹ́ẹ̀ jáde. Òkè òkun ni ó ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, yẹ́ẹ̀nì, owó Japan, sì lágbára gan-an lọ́dún náà, tí dọ́là tí ó pa ní Amẹ́ríkà fi kéré nígbà tí ó délé. Àwa tí náírà àti dọ́là ti fojú wa rí nǹkan kò yẹ kí ó ṣòro fún láti lóye èyí. Apá kan nínú òfò náà wá láti ọ̀dọ̀ olórí, apá kan sì wá láti ibi tí apá olórí kankan kò ká. Ti olórí ni iye tí wọ́n dá lé ẹ̀rọ àgbéléwọ́ 3DS, tí ó jáde ní Japan ní oṣù Kejì ọdún 2011 ní 25,000 yẹ́ẹ̀nì, tí kò sì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi já a wálẹ̀ sí 15,000. Iwata tọrọ àforíjì, ó fún àwọn tí ó ti tètè rà á ní géèmù 20 lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gé owó oṣù tirẹ̀ sí méjì. Ẹ̀rọ náà wá tà ju mílíọ̀nù 75 lọ.

Nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2013 pé kí ló dé tí kò lé òṣìṣẹ́ lọ kí ìnáwó lè dín kù, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n lè lé òun kò lè ṣe géèmù tí yóò wú ènìyàn lórí. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ó yẹ kí á fi kún un pé owó tí Nintendo ti kó pamọ́ láti ayé Hiroshi Yamauchi, ẹni tí ó jẹ ààrẹ ṣáájú rẹ̀, ni ó fún un láyè láti sọ bẹ́ẹ̀. Olórí tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ lè ní irú ọkàn kan náà kí ó má sì ní irú àyè kan náà.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n Nintendo wọn Microsoft. Xbox, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, kì í ṣe òpó tí ó gbé ilé Microsoft ró. Láti ọdún 2015 ni ilé-iṣẹ́ náà kò ti kéde iye ẹ̀rọ tí ó ń tà mọ́, ó sì ná bílíọ̀nù 68.7 dọ́là láti ra Activision Blizzard, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe géèmù, ìdúnàádúrà tí ó parí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Phil Spencer tí wọ́n máa ń fi Xbox One bú náà kò gba ipò olórí ẹ̀ka Xbox títí di oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí ẹ̀rọ náà ti wà lọ́jà fún oṣù mẹ́rin ní 499 dọ́là, tí PlayStation 4, ẹ̀rọ Sony tí ń bá a díje, sì ń lọ ní 399.

Iye owó ìpín ìdókòwò lọ́jà kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè gbára lé rárá. Ní oṣù Keje ọdún 2016, nígbà tí géèmù orí fóònù tí ń jẹ́ Pokémon Go jáde, ìpín Nintendo ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Niantic, ni ó ṣe géèmù náà. Nígbà tí Nintendo fúnra rẹ̀ kéde pé èrè tí òun yóò rí níbẹ̀ kò tó nǹkan, ìpín náà já wálẹ̀ ní bíi ìdá 18 nínú 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdarí kò yí padà láàárín ọjọ́ méjèèjì.

Shuntaro Furukawa ni ó wà lórí àga láti oṣù Kẹfà ọdún 2018, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó báyìí tí a fi lè sọ pé Switch 2, tí ó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025, jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ta ju mílíọ̀nù 3.5 lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn Nintendo tẹ́lẹ̀ ni ó rà á lọ́jọ́ mẹ́rin yẹn. Àwọn tí yóò rà á lọ́dún kẹta àti ọdún kẹrin, nígbà tí ariwo bá ti lọ sílẹ̀, ni mo fẹ́ kà kí n tó sọ ohunkóhun nípa Furukawa.