Bí a ṣe ń palẹ̀ dátábéèsì mọ́ tí dátà kò fi ní bàjẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì

Kí ẹ tó palẹ̀ ohunkóhun mọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ dátábéèsì sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ sì ṣí i wò láti rí i pé ó pé. Ẹ wo àyè tó ṣẹ́ kù pẹ̀lú, nítorí pé iṣẹ́ tó ń dá àyè padà a máa kọ́kọ́ gba àyè: VACUUM, àṣẹ tí SQLite (irú ètò dátábéèsì kan) fi ń dín fáìlì kù, lè nílò àyè tó tó ìlọ́po méjì fáìlì tí ẹ fẹ́ dín kù. VACUUM FULL ti PostgreSQL, tí òun náà jẹ́ ètò dátábéèsì, ń da table (àtẹ dátà) kọ sínú fáìlì tuntun látòkèdélẹ̀, kì í sì í yọ ti àtijọ́ kúrò títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nítorí náà, bí sáfà bá kú lágbedeméjì, dátà yín wà bó ṣe wà, àjẹkù fáìlì tuntun nìkan ló lè máa gba àyè.

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tan ni ewu gan-an ń dé, ọwọ́ ènìyàn ló sì sábà máa ń ti wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì SQLite, ẹ lè rí òmíràn tí orúkọ rẹ̀ parí sí -journal tàbí -wal. Ó jọ pàǹtírí, àmọ́ inú -journal ni SQLite ti ń mú ohun tí yóò fi dá iṣẹ́ tí kò parí padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni -wal lè ní àtúnṣe tó ti fìdí múlẹ̀ tí kò tíì wọnú fáìlì gangan. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ ṣí dátábéèsì náà bí ẹ ti ń ṣí i tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá pe PRAGMA integrity_check, àṣẹ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́. "Ok" ló yẹ kó dáhùn.

Bákan náà ni pg_wal, àpò fáìlì tí PostgreSQL ń kọ àtúnṣe sí kí ó tó wọnú fáìlì dátà gangan. Bí ó bá kún, ẹ wá ohun tó há a mọ́bẹ̀, bóyá replication slot (àmì tó ń dá fáìlì dúró de sáfà mìíràn tó ń ṣe ẹ̀dà) tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ tàbí archive_command (àṣẹ tó ń kó fáìlì wọ̀nyí lọ síbi ìpamọ́) tó ń kùnà. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa fáìlì ibẹ̀ rẹ́ lè má rí sáfà náà tan mọ́.

Bí ẹ bá fúnra yín kọ ètò ìpalẹ̀mọ́ fún àwòrán tàbí ìwé tó wà lóde dátábéèsì, àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú dátábéèsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ó sì fìdí múlẹ̀, kí ẹ tó pa fáìlì rẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá kú láàárín méjèèjì, fáìlì tí àkọsílẹ̀ kankan kò tọ́ka sí mọ́ ló ṣẹ́ kù, èyí tí ẹ lè gbá dànù nígbàkigbà. Bí ẹ bá ṣe é ní òdìkejì, àkọsílẹ̀ yóò máa tọ́ka sí ohun tí kò sí mọ́.

Ẹ fi kill -9 (àṣẹ Linux tó ń pa ètò lójijì) dá ètò náà dúró ní oríṣiríṣi ibi láti dán an wò. Síbẹ̀, èyí kò lè tú àṣírí fsync (àṣẹ tó ń mú kí ohun tó wà ní mẹ́mórì dé orí dísìkì lójú ẹsẹ̀) tí ẹ gbàgbé, nítorí pé Linux fúnra rẹ̀ kò kú, ohun tó wà ní mẹ́mórì yóò ṣì dé orí dísìkì. Virtual machine (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn) ni kí ẹ fi dán ìyẹn wò, kí ẹ pa á lójijì láìjẹ́ kí ó palẹ̀ ara rẹ̀ mọ́.