Ẹ Tọ́jú Àkọsílẹ̀ Oko Kòkó Yín
Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ẹgbẹ́ wa, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kan wà tó ní kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Àwọn tó ń kó ọjà wọ ibẹ̀ ni òfin náà ń bá wí, ṣùgbọ́n inú oko wa ni ẹ̀rí wọn yóò ti wá. Bí oko yín kò bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ẹ dúró sí àárín rẹ̀, kí ẹ ṣí máàpù orí fóònù, kí ẹ tẹ ojú ibi tí ẹ wà mọ́lẹ̀ títí nọ́ḿbà méjì tó ń tọ́ka ibi tí oko wà yóò fi jáde, kí ẹ sì dà wọ́n kọ láìgé wọn kúrú, nítorí pé ó kéré tán, òǹkà 6 ni òfin ń fẹ́ lẹ́yìn póìǹtì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Oko tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ààlà rẹ̀ ni a ó rìn yí ká, kí a lè kọ irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ yí i ká. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó ń ra kòkó ló wá wọn oko yín, ẹ gba ẹ̀dà tiyín kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀ (èyí ló ká mi lára jù), nítorí pé yóò ṣòro fún àgbẹ̀ tí àkọsílẹ̀ oko rẹ̀ wà lọ́wọ́ oníbàárà kan ṣoṣo láti wá owó tó sàn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ pẹ̀lú.