Bí mo ṣe fi iyọ̀ mọ́ ọmọ epìyà lára kí wọ́n tó lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà

Bàbá kan tó ní adágún ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà ní apá Àgbádárìgì ló pè mí pé àwọn fẹ́ ra ọmọ epìyà. Ìgèdè-Èkìtì ni mo ti ń sin ẹja, omi kànga ni mo sì ń lò. Kí a tó dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ rárá ni mo ti bi wọ́n pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni omi yín ṣe níyọ̀ tó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ìgbà wo nínú ọdún lò ń bi mí?"

Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹni tó bá lè fèsì bẹ́ẹ̀ mọ omi rẹ̀. Iyọ̀ inú ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan. Bí òjò bá ti wọlé dáadáa, omi odò á rọ́ wọ ọ̀sà, á ti omi òkun sẹ́yìn, tí wàá fi tọ́ ọ wò lẹ́nu tí o ò ní mọ iyọ̀ kankan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òkun á tún padà wọlé. Odò Ọ̀ṣun sì rèé, ìtòsí wa níbí ni orísun rẹ̀ wà. Ó gba ilẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá títí tó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kí, ọ̀sà Lẹ́kí náà sì so mọ́ ti Èkó. Òjò tó ń rọ̀ sórí páànù wa l'Ékìtì wà lára ohun tó ń yí ayé padà mọ́ akàn àti edé lọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Bàbá ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi. Wọ́n ní tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú gan-an, omi àwọn máa ń sún mọ́ gíráàmù 15 nínú lítà kan. Omi òkun gangan tó bíi 35. Irú epìyà tí mo ń sìn, tí gbogbo wa ń rà lọ́jà, ọmọ odò ni. Ó lè gbé nínú 15, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sanra bíi ti inú omi odò, àmọ́ ẹ má ṣe jù ú sínú rẹ̀ lójijì. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó kù sí mi lọ́wọ́.

Mo ṣa àwọn tó ti gùn tó ìka ọwọ́, torí àwọn wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í lè fara da iyọ̀ bíi ti àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Mo kó wọn sínú táǹkì oníke tó ń gba lítà 1000. Omi kànga ni mo pọn sí i; omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà sí kò dára fún wọn. Mo fi pọ́ńpù afẹ́fẹ́ sí i, mo sì gbé bátìrì tì í, torí mi ò ní fi ẹ̀mí ẹja sọ́wọ́ iná ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò, kó má fojú kéré afẹ́fẹ́ o. Bí iyọ̀ inú omi bá ṣe ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ tí omi lè dì mú ń dín kù, bí omi bá sì tún gbóná, yóò túbọ̀ dín kù.

Iyọ̀ wóró-wóró inú àpò ni mo rà. Kílò méjì nínú lítà 1000, gíráàmù 2 nínú lítà kan nìyẹn, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Inú garawa lọ́tọ̀ ni mo ti yọ́ ọ, mo wá ń rọra dà á síbi tí pọ́ńpù ti ń ru omi sókè kó lè tàn káàkiri. Èèyàn kì í da iyọ̀ gbígbẹ sórí ẹja. Lẹ́yìn náà, mo dúró.

Ìdúró yìí gan-an ni iṣẹ́ náà. Àbúrò mi tó ń ràn mí lọ́wọ́ kò fara mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà ká lọ sùn." Mo pè é wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, mo ní kó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Nígbàkígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyọ̀ kún un, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á máa ṣí, á máa pa dé kíákíá, ara wọn á dúdú díẹ̀, tí mo bá ju oúnjẹ sí wọn, wọn ò ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á rọlẹ̀, àwọ̀ á padà. Ẹnu wọn ni mo fi ń ka ọjọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ti ń jà sí oúnjẹ ni mo ń fi gíráàmù 2 tàbí 3 mìíràn kún un, bí wọn ò bá jẹun, mo gbé iyọ̀ tì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wọn ló jẹ́ kí n lè ní sùúrù. Iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ epìyà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi tó ní gíráàmù 10 nínú lítà dọ́gba. Nínú odò, ara rẹ̀ ló níyọ̀ ju omi lọ, omi á sì máa fipá wọ inú rẹ̀. Nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mumi, á kàn máa tọ̀ ṣáá ni, àwọn ohun pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì máa ṣa iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ látinú omi. Nínú òkun, ọ̀rọ̀ á dojú dé: omi òkun á máa fa omi ara rẹ̀ jáde bí iyọ̀ ṣe ń fa omi ewúro jáde nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Ẹja á wá máa mu omi iyọ̀ náà, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ni yóò sì ti máa ti iyọ̀ tó pọ̀ jù síta. Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kúrò nídìí ṣíṣa iyọ̀ bọ́ sídìí títì í jáde, ó ní láti tún àwọn ẹ̀yà tíntìntín inú rẹ̀ ṣe, ìyẹn sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan. Bí omi bá yí padà kí àtúnṣe yẹn tó parí, ẹja á gbẹ látinú nígbà tó ṣì wà nínú omi.

Bí mo ṣe ń fi iyọ̀ kún un ni mo ń ro ti àwọn ẹ̀dá tí òkun àti ọ̀sà jẹ́ ilé wọn. Ìṣáwùrú inú ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀bá ọ̀sà ní ìdérí. Bí omi ò bá bá a lára mu, á wọ inú ìkarahun rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á dúró de ìgbà tó dára. Akàn á rìn lọ síbòmíràn. Epìyà ọ̀sà, èyí tí akọ rẹ̀ máa ń fi ẹnu gbé ẹyin títí tí ọmọ fi jáde, ni mo gbà pé ó le jù nínú gbogbo wọn. Ní ẹnu odò Saloum ní Sẹ̀nẹ̀gàl, òjò tó dín kù sọ omi kan níbẹ̀ di ohun tó níyọ̀ ju òkun lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹja yìí ń gbé inú rẹ̀. Àmọ́ ó ń sanwó rẹ̀: wọn kì í tóbi mọ́, kékeré ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Apẹja á ní ẹja ṣì wà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irú ẹja wo?

Èyí tí kò lè rìn ni tiẹ̀ burú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ooru ńlá kan jà ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, oòrùn sì se àwọn ẹ̀dá oníkarahun tó lẹ̀ mọ́ òkúta etíkun nígbà tí omi fà sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹ̀dá etíkun tó kú lé ní bílíọ̀nù kan. Iyùn inú òkun náà, ẹ̀dá ẹlẹ́mìí tó ń kọ́ ilé bí òkúta, kò nílò ju kí omi gbóná kọjá bó ṣe máa ń gbóná jù lọ lọ́dún pẹ̀lú dígírì 1 péré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò lé àwọn ewé kéékèèké tó ń bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀, yóò funfun báláú. Bí ooru bá tètè lọ, ó lè bọ̀ sípò. Bí kò bá tètè lọ, ebi ni yóò pa á. Èmi lè gbé iyọ̀ tì nígbà tí ẹja mi ò bá jẹun. Òkun ti gba èyí tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lára ooru tí ayé ń kó jọ láti ọdún pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń wo ẹnu iyùn kó tó fi kún un.

Ó dà bíi pé mo ti sọ̀rọ̀ kúrò lórí táǹkì. Nígbà tí omi dé gíráàmù 10, wọ́n ń jẹun ju ti ìṣáájú lọ pàápàá, kò sì yà mí lẹ́nu, torí ibẹ̀ ni omi àti ẹ̀jẹ̀ wọn ti dọ́gba, iṣẹ́ ara wọn dín kù. Láti ibẹ̀ dé 15 ni mo ti rọra jù. Díẹ̀ kú nínú wọn, àwọn tó ti rù tẹ́lẹ̀ ni.

Mi ò fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn, kí wọ́n má baà ba omi jẹ́ lójú ọ̀nà. Omi táǹkì náà la fi kó wọn sínú ọ̀rá, a fi ọ́síjìn kún un, a sì gbéra lóru kí ooru má baà bá wọn. Nígbà tí a dé ọ̀hún, a kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀rá léfòó lórí adágún kí ìgbóná omi méjèèjì lè dọ́gba, a ń bu omi adágún sí i díẹ̀díẹ̀, kí a tó tú wọn sílẹ̀.

Bàbá pè mí lẹ́yìn náà pé wọ́n ń jẹun dáadáa, wọ́n sì ní kí n kó àrọ̀ wá pẹ̀lú nígbà mìíràn. Mo ní rárá, àrọ̀ kì í ṣe ẹja omi iyọ̀, 15 yẹn á pa á. Wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ owó epìyà sílẹ̀ padà, pé kí ló dé tí tèmi fi wọ́n ju ti àwọn ará Ẹ̀pẹ́ lọ. Mo ka àpò iyọ̀ fún wọn, mo ka bátìrì. Wọ́n ní àwọn ò bá mi jà, ṣùgbọ́n kí n dín in díẹ̀ nítorí ọjọ́ iwájú, mo sì dín in.