Bí ọ̀kùn bá wọlé, ẹ gbé iyọ̀ sílẹ̀

Tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú ní Iléṣà níbí, ilé ìwẹ̀ wa ni àwọn ọ̀kùn máa ń yà sí. Màmá ọkọ mi á ní ká bu iyọ̀ wá. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọ̀kùn náà sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kùn kì í buni jẹ, kì í tani bí àkekèé. Omi ló kún ilẹ̀ tó fi sá wọlé.

Ẹ mú páálí pẹlẹbẹ kan, ẹ tì í sí iwájú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án lójijì, á ká bí ẹní, orí á bọ́ sí àárín. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lẹ́nu jù, omi kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba imú. Omi yẹn máa ń pa ara láró, àbàwọ́n rẹ̀ kì í tètè ṣí. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kíákíá, ẹ má fi nu ojú rárá. Tó bá ta sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi sínú ìgò gíláàsì kí àwọn ọmọ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òrùka ara rẹ̀, wọ́n á sì máa gbéra tẹ̀ léra bí ó ṣe ń lọ. Ẹ ka òrùka láti orí dé ìkeje. Tó bá jẹ́ àgbà ọ̀kùn, tẹ́ ò sì rí ẹsẹ̀ ìrìn níbẹ̀, akọ ni: ẹsẹ̀ ibẹ̀ ti di ohun tó fi ń gun abo. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló ní. Bó ṣe ń bọ́ awọ ni wọ́n ń pọ̀ sí i. (Ẹ̀yà kan tí wọ́n kéde ní Ọsirélíà lọ́dún 2021 ní ẹsẹ̀ 1,306. Tiwa ò súnmọ́ ọn.)

Àwọn àgbà ní ọ̀kùn ń sunkún ojú. Òótọ́ ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran, ìwo méjì tó fi ń tọ ilẹ̀ ló ń mú un rìn.

Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń dà wọ́n sí, lábẹ́ ewé tó ti ń jẹrà. Ewé yẹn ni oúnjẹ wọn, ìgbẹ́ wọn sì ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Ẹ má dà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀pà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù o, wọ́n lè jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbá ewé tó kó jọ sí ìdí ògiri kúrò, kẹ́ ẹ sì fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn lálẹ́.