Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Gbọ́ Ohùn Ẹ̀rọ Awárin Lórí Ilẹ̀ Tó Kún fún Ìṣó

Ilẹ̀ tí wọ́n wó ilé onípákó àtijọ́ kúrò lórí rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ awárin, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn àti nọ́ńbà sọ fúnni pé mẹ́táàlì, bíi kọ́ìnì àtijọ́, wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ yọ̀ǹda fún mi, ó ní kí n ṣáà dí gbogbo ihò tí mo bá gbẹ́. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ, tí mo gbé e kọjá lórí ilẹ̀, kò dákẹ́ rárá. Ó ń kùn, ó ń han, ó ń ha. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ fò láti 12 lọ sí 91, ó já wálẹ̀ sí 38, kí n tó ka ìyẹn tán ó ti di nǹkan mìíràn. Ìṣó ló pọ̀ jù nínú ẹrù ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìṣó, ìdérí ìgò, òrùka kékeré tí wọ́n fi ń ṣí agolo ohun mímu, èérún páànù, fọ́ìlì, wáyà. Ẹni tó bá ti ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ lórí pápá tó mọ́ yóò rò pé ó ti bàjẹ́ ni.

Kò bàjẹ́ o. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká roboto tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ, ń rán agbára òòfà tó ń yí síwá sẹ́yìn lọ sínú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan mẹ́táàlì, iná mànàmáná á máa yí po nínú mẹ́táàlì náà, iná yẹn á sì dá òòfà tirẹ̀ padà fún ẹ̀rọ láti gbọ́. Ìdáhùn yìí máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó dé, bó ṣe fà sẹ́yìn sí ni ẹ̀rọ fi ń dá mẹ́táàlì kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, tó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà. Lórí tèmi, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ láti 0 dé 99, irin wà nísàlẹ̀ títí dé nǹkan bí 40. Fọ́ìlì àti òrùka wúrà tí kò nípọn tẹ̀ lé e, òrùka agolo wà láàárín, bàbà àti fàdákà wà láti 80 sókè. Ẹ̀rọ mìíràn ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ má fi tèmi wọn tiyín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kọ́ìlì kò mọ iye nǹkan tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìṣó àti kọ́ìnì bá jọ wà níbẹ̀, ìdáhùn àwọn méjèèjì á dàpọ̀, nọ́ńbà tó máa jáde sì lè má jẹ́ ti ìṣó, kó má sì jẹ́ ti kọ́ìnì.

Ìdààmú yìí ti pẹ́. Ní 1881, nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ Amẹ́ríkà, James Garfield, Alexander Graham Bell gbé ẹ̀rọ tó fi ń wá mẹ́táàlì wá kó lè mọ ibi tí ọta wà lára rẹ̀. Kò rí i. Ibùsùn tí Ààrẹ dùbúlẹ̀ lé ní wáyà irin nínú, ìyẹn sì wà lára ohun tó da ohùn ẹ̀rọ rú. Bí mo bá ti ń gbọ́ ìkùn tí kò lórí tí kò nídìí, mo máa ń rántí ọ̀gbẹ́ni náà.

Kí n tó gbẹ́ ohunkóhun, mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, mo tẹ́ kọ́ìnì bàbà kan sílẹ̀, mo sì ń gbé kọ́ìlì kọjá lórí rẹ̀. Mi ò wo ojú ẹ̀rọ, etí nìkan ni mo fi sí i. Ohùn òkè ni, ó kúrú, ó mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó sì parí lẹ́ẹ̀kan. Iye ìgbà yòówù tí mo gbé kọ́ìlì kọjá, bákan náà ló ń dún. Mo mú un kúrò, mo fi ìṣó tó ti dípẹtà síbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ló fọ̀, ó ń kùn. Àmọ́ bí kọ́ìlì bá gba orí ìṣó tàbí ẹnu rẹ̀ kọjá, ohùn òkè kan á ta pọ́ún láàárín ìkùn yẹn, á sì parẹ́. Ohùn àtapọ́ún yìí ló ń mú kí àwọn ènìyàn gbẹ́ ihò kiri lásán.

Mo wá gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ pọ̀. Nígbà tí àlàfo àárín wọn tó ìbú ọwọ́ méjì, mo ń gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ń sún ìṣó mọ́ kọ́ìnì díẹ̀díẹ̀. Ohùn kọ́ìnì kọ́kọ́ kúrú sí i, lẹ́yìn náà ó ń wá ó ń lọ, nígbà tó yá ìkùn ìṣó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo yí ẹsẹ̀ padà, mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé kọ́ìlì kọjá láti ibẹ̀. Kọ́ìnì tún yọjú! Ìdí ni pé bí àwọn méjèèjì bá tò tẹ̀ léra lójú ọ̀nà tí kọ́ìlì ń gbà, yóò kan ọ̀kan kó tó kan èkejì. Bí ọ̀kan bá wà níwájú èkejì láti ibi tí mo dúró sí, yóò kan àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà ni n kì í ti í gbà pé ilẹ̀ kan ṣófo títí mo fi máa rìn ín lóròó àti níbùú.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní ibi tí a ti lè pa irin lẹ́nu mọ́. Lórí irú ilẹ̀ báyìí, ó máa ń wu ènìyàn láti lò ó, nítorí etí á sinmi. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá pa irin lẹ́nu mọ́, ẹ̀rọ ṣì ń rí irin náà, ó kàn ń dákẹ́ ni, ohun tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin á bá a dákẹ́. Ẹ ó rìn kọjá, ilẹ̀ á dà bí ibi tí kò ní nǹkan kan nínú, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣó pọ̀ sí jù. Mo fi irin sílẹ̀ kó máa kùn, mo kàn dín ariwo rẹ̀ kù kó má bo ohun tó kù. Ohùn méjì péré ni mo yàn, ti ìsàlẹ̀ fún irin, ti òkè fún gbogbo ohun tí kì í ṣe irin. Àwọn tó fẹ́ràn ohùn oríṣiríṣi wà, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n nínú ìṣó, ohùn tó pọ̀ jù ń da etí láàmú ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìkùn irin á di ariwo ọjà tí ènìyàn ò fi etí sí mọ́, ohùn òkè á wá dà bí ìgbà tí ẹnì kan pe orúkọ yín láàárín rẹ̀.

Mo pààrọ̀ kọ́ìlì. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá fẹ̀ tó íǹṣì 11, mo yọ ọ́, mo fi oníǹṣì 6 sí i. Kọ́ìlì kékeré kì í rí jìn tó ti ńlá, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ̀nba nǹkan ló ń wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dín agbára ìgbọ́ràn ẹ̀rọ kù pẹ̀lú. Ó dà bíi pé mò ń fi ọwọ́ ara mi dí etí, àmọ́ bí ẹ bá gbé e sókè jù, ìṣó tó wà nísàlẹ̀ pátápátá náà á dá sí ọ̀rọ̀. Ibì kan tún wà tí a ti ń yan bí ẹ̀rọ ṣe máa yára gbàgbé ohun kan kó lè gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìyẹn sókè. Mímú ẹ̀rọ bá erùpẹ̀ mu, kí erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ má baà máa dún, kò gba àkókò, mo ṣe é lórí ibi tí kò ní irin, ó tán. Ọwọ́ mi ni mo tún sọ fún pé kó rọra. Mo ń gbé kọ́ìlì lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, mo jẹ́ kó sún mọ́ ilẹ̀, mi ò sì jẹ́ kó fò sókè ní òpin apá.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Mo fi okùn pín ilẹ̀ sí ojú kéékèèké, mo sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn òkè bá ta, mo dúró. Mo gbé kọ́ìlì lọ bọ̀ níbẹ̀, n óò sì yípo rẹ̀ dé ìdajì, ní gbígbọ́ bó ṣe ń dún. Ohun tó rí roboto tó sì dá wà máa ń dún bákan náà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, ojú kan náà ló sì máa ń wà. Ìṣó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti yípo, ohùn òkè rẹ̀ á sọ nù tàbí kó sún kúrò níbi tí mo fi ojú sí, nítorí orí ìṣó tàbí ẹnu rẹ̀ ló ń fọhùn, kì í ṣe àárín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin yìí ò gbọdọ̀ le jù láàárín ìṣó. Kọ́ìnì tí ìṣó sún mọ́ lè dún láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bí mo ṣe rí i nígbà ìdánwò. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ ni bóyá ó ń tún wá: bí mo bá padà sí ibi tí mo dúró sí, tí mo tún gbé kọ́ìlì kọjá, ṣé ohùn yẹn á tún wá, ní ojú kan náà, láìyingin? Bó bá wá lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀, mo gbẹ́ ẹ, ohun yòówù kí nọ́ńbà máa sọ. Ohùn ìṣó á wá lẹ́ẹ̀kan, á yí padà lẹ́ẹ̀kejì, á di ìkùn lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìdérí ìgò tó ti dípẹtà ló kọ́kọ́ fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Irin pẹlẹbẹ ni, iná mànàmáná ń rí àyè yí po dáadáa nínú rẹ̀, ó sì ń dún sókè bíi kọ́ìnì láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Ọ̀nà tí mo fi mú un ni pé mo ń fa kọ́ìlì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń jù ú lọ bọ̀, títí tó fi jẹ́ pé imú kọ́ìlì nìkan ló kan ojú ibẹ̀. Ohùn kọ́ìnì á máa lọ sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn títí á fi parẹ́. Ti ìdérí ìgò á ya, ìkùn irin á jáde láti inú rẹ̀ kó tó parẹ́. Agolo tó wà ní odindi kò ṣòro: bí mo bá gbé kọ́ìlì sókè kúrò nílẹ̀ tó ìwọ̀n orúnkún, ó ṣì ń pariwo, nígbà tí kọ́ìnì ti dákẹ́ tipẹ́.

Òrùka agolo ni kò ní oògùn. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ bọ́ sí ni ọ̀pọ̀ òrùka wúrà bọ́ sí, wọ́n sì ń dún bákan náà. Láti nǹkan bí 1963 ni wọ́n ti ń fa irú rẹ̀ kúrò lórí agolo tí wọ́n sì ń jù ú sílẹ̀, kó tó di pé èyí tó ń dúró sára agolo wọlé ní 1975. Ẹni tó bá sọ pé òun lè fi etí yà á sọ́tọ̀ kúrò lára wúrà, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́. Èmi gbẹ́ gbogbo rẹ̀, àpò ìdọ̀tí mi sì wúwo.

Ohùn kan wà nítòsí ibi tí àtẹ̀gùn ilé wà tẹ́lẹ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ìkùn irin yí i ká. Bí mo bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ohùn òkè tín-ín-rín kan á bọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ń rìn láàárín 55 sí 64. Bí mo bá kọjú sí ibòmíràn, irin nìkan ni. Ibì kan náà ló ń jáde ní gbogbo ìgbà tí mo kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí náà mo gbẹ́ ẹ. Ìṣó mẹ́ta kọ́kọ́ jáde, mo fi òòfà fà wọ́n. Kí n tó tẹ̀ síwájú, mo tún gbé kọ́ìlì kọjá lórí ihò náà: nọ́ńbà ti gòkè sí 78, ó sì ń dún láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Ìṣó ńlá kan tún wà ní ẹ̀bá ihò, mo yọ ọ́, ó di 84, ó dúró síbẹ̀ láìmì. Ní ìsàlẹ̀, tó jìn tó ọwọ́ kan, kọ́ìnì bàbà kan dúró lórí etí rẹ̀, ìpẹtà ìṣó ti kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Dídúró tó dúró yẹn wà lára ohun tó mú kí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, yàtọ̀ sí ìṣó. Láti ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ di àṣà pé bí mo bá ti yọ ìṣó kan, mo tún gbọ́ ihò náà kí n tó dí i, nítorí ìṣó kan tó kúrò lè jẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè fọhùn.

Igun tí òrùlé wó sí ni mo fi sílẹ̀. Páànù ńláńlá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní òpin, kọ́ìlì kékeré náà ò sì rí àyè kankan láàárín rẹ̀. Mo sọ fún ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ní katakata ń bọ̀ wá kó páànù náà kúrò, kí n padà wá bí ó bá ti ṣe tán.