Eré ìmárale tí mò ń ṣe lórí àga níbi iṣẹ́

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Bí oṣù bá ti ń parí báyìí, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọrùn á le, ẹsẹ̀ á wú débi pé bàtà á máa fún mi. Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí.

Àga mi ní táyà, nítorí náà mo máa ń tì í mọ́ ògiri kó má baà yọ̀. Mo jókòó síwájú díẹ̀ lórí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ń pẹ́ sí jù. Mo gbé gìgísẹ̀ sókè, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ náà sókè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ìgbà 20. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ló ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tí a bá jókòó láìmira, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sísàlẹ̀, omi á jò sínú ẹran ara, ọrùn ẹsẹ̀ á sì wú. Lẹ́yìn náà, mo na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, mo ka ení dé àrún, mo yí sí ìkejì.

Èjìká kò le: mo gbé e súnmọ́ etí, mo yí i sẹ́yìn, ó tán. Ti ọrùn ló gba sùúrù. N kì í yí i po, òòyì ló máa ń kọ́ mi. Àgbọ̀n ni mò ń fà sẹ́yìn tààrà, bí ẹni tí òórùn ẹja àná kọlù nímú. Ẹ̀gbọ́n kan lọ́fíìsì rí mi, wọ́n ní, “Kí ló dé tí o fajú ro báyìí?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fa tiyín náà wò.” Wọ́n ti ń ṣe é báyìí.

Fún ọrùn ọwọ́, mo na apá síwájú, mo fi ọwọ́ kejì rọra fa àwọn ìka sẹ́yìn. N kì í sé èémí, ohun tó bá sì dun mí, mo fi í sílẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ ìwé ni mo máa ń ṣe é, torí bí mo bá ní kí n dúró de àkókò ìsinmi, n ò ní ṣe é láé. Kò rọ́pò ìrìn o. Ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ṣe eré ìmárale tó mú èémí yá lọ́sẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń dunni, tó gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan.