Ìkíni àti kókó ọ̀rọ̀ níwájú èrò

Ẹ̀yin alukoro ẹlẹgbẹ́ mi ní Ilé-Ifẹ̀, bí ọdún Ọlọ́jọ́ ṣe máa ń kó àwọn oníròyìn wá bá wa, ó yẹ kí á tún ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ ní gbangba yẹ̀ wò. Kí á tó kí Kábíyèsí, àwọn ìjòyè, àwọn ìyálọ́jà àti gbogbo ẹni tó jókòó lórí pèpéle tán, oníròyìn rédíò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀. A kò kúkú lè fo ìkíni ní Ifẹ̀. Ẹni tó bá fò ó kò ní rí ẹni tí yóò fetí sí i mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ààfin, ṣáájú ọjọ́ náà, bí oyè ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú káàdì kékeré pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí pé àṣìpè oyè kan ṣoṣo lè gba ọkàn àwọn ènìyàn kúrò lórí iṣẹ́ tí ẹ wá jẹ́. Kété tí ìkíni bá parí, ẹ sọ kókó náà ní gbólóhùn kan tó dá dúró, irú èyí tí rédíò lè gé jáde láìnílò àlàyé, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìyókù lè wà nínú ìwé tí ẹ ó pín fún àwọn oníròyìn.